Orin Mi Ló Gbé Àbúrò Ọkọ Mi Dé Àtìmọ́lé

Ará, ẹ bá mi pe Jésù sókè! Ẹ tún un pè! Ọlọ́run tó ń ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé, mo dúpẹ́!

Àdúgbò Ọ̀gbà là ń gbé nígbà náà. Ọ̀wọ́n gógó SAP tí ìjọba gbé dé ti mú gbogbo wa, sójà ló wà lórí àlééfà. Ojú ọjọ́ ti yí padà: ooru ò jẹ́ ká sùn, òjò sì ń bá wa lórí ibùsùn. Ni mo bá kọ orin:

Igi tá a gé, èéfín tá a tú sókè,
Òun ló sọ oòrùn di iná,
Òun ló sọ òjò di ọ̀tá ilé.

Àbúrò ọkọ mi, tí mo ń pè ní Dúdúyẹmí, máa ń fi kámẹ́rà fídíò ya ìgbéyàwó. Ó ní, "Ìyàwó, jẹ́ ká fi ṣe fíìmù." Ó ya èéfín ilé iṣẹ́ ní Òrègún, ó ya ilé tí omi bò ní Agége. A fi orin mi sí i, a gbé tẹlifíṣọ̀n síta, àdúgbò wò ó. Inú mi dùn!

Ìgbà tó padà lọ ya ilé iṣẹ́ náà sí i ni sójà mú òun àti kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n ní amí ni. Ta ló rán an? Ó ní, "Èmi nìkan ni." Kò dárúkọ mi!

Ìyá ọkọ mi ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ lo kọrin, ọmọ mi ni wọ́n mú." Ha! Èmi lórí bẹ́ẹ̀dì, òun lórí sìmẹ́ǹtì.

Mo lọ sí bárékè sójà tí wọ́n tì í mọ́, wọ́n lé mi. Mo tún lọ. Ọkọ mi ní, "Wọn á mú ìwọ náà o!" Mo ní, "Kí wọ́n mú mi."

Ọ̀gá sójà kan jáde. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo kọ orin inú fíìmù yẹn."

"Orin wo? Tẹlifíṣọ̀n wa ò dún. Ilé iṣẹ́ àti omi nìkan la rí."

Ará, wọn ò gbọ́ orin náà rárá!

"Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo kọ ọ́. Ó ní, "Irú òjò yẹn ló wó ilé ìyá mi." Ó yíjú sí sójà kan: "Lọ mú ọmọkùnrin yẹn wá."

Ògo! Ó jáde láàyè! Ṣùgbọ́n ó rù, ìgbátí sì ti ba etí òsì rẹ̀ jẹ́. Títí dòní, tí mo bá ń kọrin, etí ọ̀tún ló máa ń yí sí mi. Ó ń dùn mí, ará. Ó ń dùn mí gan-an.

Jésù, o ṣeun! O ṣeun tí a ò gba òkú! Ìwọ tí ènìyàn rẹ wà nínú wàhálà, tí ọkàn rẹ ń dá ọ lẹ́bi, má fara pamọ́. Dìde lọ síbẹ̀, Ọlọ́run á bá ọ lọ. Ẹ bá mi dúpẹ́: Dúdúyẹmí wà nílé!