Ikán Inú Yàrá Tí Wọ́n Tì Pa

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè fún Ọba tí kì í jẹ́ kí ọmọ Rẹ̀ sùn síta. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀sọ̀ sọ ọ́. Ohun tí ojú mi rí kì í ṣe ohun tí à ń kánjú sọ.

Láti ìgbà tí Ìlọrin ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń rọ́ wọlé. Ọ̀mù-Àrán la ti wá. Ẹ̀yìn Táíwò Road ni èmi, ìyàwó mi, Fọlá ọmọ wa àti ìyá mi ń gbé, nínú ilé Alhaji, onílé wa, èèyàn jẹ́jẹ́. Ojú ìyá mi ti fọ́. Ilé yẹn ni wọ́n fi ọwọ́ mọ̀. Wọ́n mọ ògiri tí wọ́n máa tọ̀ dé ilé ìwẹ̀. Níbẹ̀ nìkan ni wọn ò ti nílò ẹni tó máa fà wọ́n lọ́wọ́.

Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù, éjẹ́ǹtì kan tó ń báni wá ilé wọ àdúgbò wa. Ó ń sọ fún àwọn onílé pé, "Ẹ ti yàrá yín pa! Ẹni tó bá béèrè, ẹ ní ó ti kún. Tí wọ́n bá wá a títí, iye tí ẹ bá pè ni wọ́n máa san." Bí ilé ṣe di ọ̀wọ́n gógó nìyẹn o. Ilé wà, àgádágodo ló ń gbé inú ẹ̀! Àwọn ayálégbé ẹgbẹ́ wa ò rí owó tuntun náà san, wọ́n kó lọ, Alhaji sì ti yàrá wọn pa. Ó wá kan àwa. Ó ní ká san ìlọ́po méjì, àbí ká kó jáde tí oṣù bá parí.

Mo wá ilé títí. "Ó ti kún" ni gbogbo wọn ń wí. Mo délé, mo ní ká máa di ẹrù. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Fọlá, ẹrù wo? Mi ò ní fa Màmá lọ síbi tí wọ́n á ti máa ṣubú. Àdúrà ló kàn." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ aládùúrà Ọjọ́rú, ẹ dúró tì wá. Mo sọ fún Ọlọ́run pé mi ò kúrò, àyàfi tí Òun bá ní kí n kúrò.

Nígbà tí oṣù ń lọ sópin, Alhaji wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ẹ̀yin ará Ọ̀mù-Àrán, ṣé ẹ ti rí ilé?"

Kí n tó dáhùn, ìyá mi dá sí i láti orí ẹní: "Alhaji, ẹ kú ìrìn o. Ṣé àgbò Iléyá lẹ kó sínú yàrá tó fara ti tiwa yìí?"

"Màmá, ẹ ò ní fi ẹ̀rín pa mí o! Yàrá tí mo tì pa?"

"Ẹ̀yin lẹ tì í. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ ò mọ̀. Mo ń gbọ́ wọn lára ògiri, wọn ò sinmi."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Alhaji. Ó yọ kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ṣí, há! Ikán ni! Wọ́n ti mọ ọ̀nà láti ilẹ̀ dé igi àjà. Alhaji fi ọ̀pá kan igi kan, ó dà sílẹ̀ bíi gààrí. Ó ṣí yàrá mìíràn, bákan náà ni. Ilé alámọ̀ ni, ẹ̀yin ará. Ẹni tó ń gbé inú yàrá ló ń gbá ọ̀nà ikán dànù láràárọ̀, èéfín ìdáná ló sì ń lé wọn kúrò lájà. Nínú tiwa, kò sí ẹyọ kan.

"Wallahi, éjẹ́ǹtì yìí fẹ́ pa mí!" Alhaji jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má lọ mọ́. Iye tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹ bá mi wá àwọn tó kó lọ, kí wọ́n wá máa dáná nílé mi!"

Òkìkí kàn. Kálukú onílé sáré lọ ṣí yàrá ẹ̀ wò. Bí wọ́n ṣe ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé ń wálẹ̀ ládùúgbò wa.

Ará, kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ẹni tó rán eṣú sí Fáráò ló rán ikán sí Ìlọrin! Ìyá mi nìyẹn lórí bẹ́ńṣì iwájú. Láàárọ̀ yìí, àwọn fúnra wọn ló rìn láti yàrá dé ìta, tí wọ́n dúró dè wá. Ìwọ tí wọ́n ń sọ fún pé ibi gbogbo ti kún, dúró gbọin-gbọin. Ẹ dìde, ẹ bá ìyá mi jó, kí ògo lè jẹ́ ti Olúwa nìkan. Halelúyà!