Oje Kajú Kọ́ Ló Bó Mi Lẹ́nu

Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé ẹ ti jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà rí nítorí pé ojú ń tì yín? Èmi ti ṣe é. Àgbà ìyá ni mo jẹ́ ní abúlé kan lẹ́bàá Tchaourou. Èmi ni wọ́n máa ń pè láti bá tọkọtaya parí ìjà. Ìkórè kajú tún ti dé, mo sì rí ìyàwó ọmọ mi tó káwọ́ gbera láìníṣẹ́. N kò lè pa á mọ́ra mọ́.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan nígbà ìkórè ọdún tó kọjá ni ọ̀rẹ́ mi ti wò mí, tó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu rẹ mà ti hunjọ bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀ o!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dọ́kàn.

Mo parọ́ fún àwọn ará ilé pé mo ń lọ tọ́jú ojú ní Kútọnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ìtànṣán lésà ni wọ́n tàn sí mi yí ẹnu ká, kí àwọn ìlà híhunjọ ibẹ̀ lè parẹ́. Dókítà ti kìlọ̀ pé awọ ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ di dúdú, yóò sì bó. Ìborùn ni mo fi bo ẹnu wọlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti Ràfíátù, ìyàwó ọmọ mi, níbi tó ti ń yan kajú. Òwò tirẹ̀ nìyẹn. Ìborùn mi yọ̀, ọmọ mi tó ń kọjá lọ sì rí ẹnu mi, ó bi mí pé kí ló ṣe é. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nílé wa pé oje èèpo kajú máa ń ta síni lára nídìí iná, tó sì ń bó awọ. Mo ní, "Oje kajú ni."

Ọmọ mi da omi síná. "Ṣé o fẹ́ ba ẹnu ìyá mi jẹ́ ni? O ò gbọdọ̀ yan kajú mọ́ nínú ilé yìí!"

Ràfíátù kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí. Mi ò rí i nígbà tó ta."

Ẹ jọ̀ọ́, òun náà ló ń fi òrí pa mí lẹ́nu láràárọ̀, tó ń rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń tọ́jú ọmọ jòjòló. Ìtọ́jú yẹn ni mi ò fẹ́ pàdánù. Mo jẹ́ kí irọ́ náà dúró bẹ́ẹ̀ títí ìkórè tuntun fi dé.

Lánàá, mo pe òun àti ọkọ rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ọmọ mi dorí kodò. Ràfíátù wò mí lẹ́nu títí, omi lé ròrò sí i lójú. "Màmá, ẹnu yín ò burú tẹ́lẹ̀ o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo lè ṣe tí inú rẹ̀ yóò fi yọ́ sí mi? Ọkọ rẹ̀ ti ní kó padà sídìí òwò rẹ̀, ṣùgbọ́n Ràfíátù ti ta páànù ńlá tó fi ń yan kajú.