Kọmpirẹ́sọ̀ Kékeré àti Omi Tútù

Ní ọjà Duala ní Monrovia, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù tòkunbọ̀, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan, nígbà tí ogun ti parí ṣùgbọ́n tí iná ìjọba ò tíì padà sílùú.

Ọkọ di kọmpirẹ́sọ̀ ràgàjì kan mú. "Èyí ló yẹ gáráàjì ẹ̀yìnkùlé wa. Kíá ló máa fẹ́ táyà!"

Ìyàwó ní, "Bàbá Ìbejì, jẹnẹrétọ̀ wo ló máa gbé e? Ṣé kékeré tó ń gbé fíríìjì omi tútù tí mò ń tà? Ẹ fẹ́ pa ọjà mi ni?" Ó nawọ́ sí kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọkọ ní, "Kọmpirẹ́sọ̀ kékeré yìí máa pẹ́ kí atẹ́gùn tó kún táǹkì ẹ̀ o."

"Kó pẹ́ dáadáa! Kọ́sítọ́mà yín á jókòó, á máa ra omi tútù mu lọ́wọ́ mi."

Ọkọ bú sẹ́rìn-ín. "Obìnrin yìí, o ti fi táyà mi polówó omi!" Kékeré ló gbé.

Jẹnẹrétọ̀ wo ló máa gbé e? Ìbéèrè yẹn ò kúrò létí mi. Èmi ọ̀mọ̀wé tó sá nílé ìwé, mo rọra dá áyọ́ọ̀nù oníná tí mo ti gbá mọ́ra padà sórí tábìlì òǹtajà. Àbẹ́là la fi ń ríran nílé wa.