Ṣẹ́ẹ̀tì Ta Ló Wà Lára Ọwọ́ Irin?

Ògo ni fún Ẹni tí kò jẹ́ kí àgbá lọ̀ mí mọ́ kájú! Ẹ̀yin ará, Àmín yín ò tíì dé etí mi. Ẹn-ẹ́n, ó dáa.

Èmi Jónà nìyí. Láti Sanson dé Tchaourou, kò sẹ́ni tó mọ alùpùpù gùn tó mi. Mo sá kúrò nílé ìwé, àmọ́ ọwọ́ mi yá. Yíyá yẹn ló fẹ́ pa mí.

Níbi tí a ti ń yan kájú, àgbá irin ńlá kan wà tó ń yí. Ọwọ́ irin kan wà lára ògiri. Tí wọ́n bá fà á wálẹ̀, àgbá á yí. Tó bá tutù, ẹnì kan á wọnú ẹ̀ lọ ha á. Àwọn tonton, àwọn àgbà ọkùnrin ibẹ̀, ní àṣà kan: kóo tó wọlé, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ, fi kọ́ ọwọ́ irin yẹn. Ẹni tó bá rí ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ò gbọdọ̀ fà á. Ìgbà tí àgbá pa Tonton Sámúẹ́lì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀, Tata Rèbékà, ló ń dáná fún wa. Ọ̀gá sọ fún un pé ẹ̀bi ọkọ ẹ̀ ni. Ó parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ọ̀gá ní ká ṣe kíá. Mo ní èmi kì í ṣe obìnrin tó ń sá aṣọ. Mo wọlé tèmi ti ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn.

Mo ń ha á nínú òkùnkùn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Màtíù, ẹni tó ń tan ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ dúró nídìí ọwọ́ irin. Mo rá jáde.

Màtíù ṣì na ọwọ́. Ó ní, “Jónà, díẹ̀ ló kù kí n fà á. Ṣẹ́ẹ̀tì ẹ ni mo rí.”

Mo wo ara mi. Ṣẹ́ẹ̀tì mi wà lọ́rùn mi.

Èyí tó wà lára irin, búlúù ni, òwú pupa ni wọ́n fi rán apá ẹ̀. Tata Rèbékà sáré wá látibi tó ti ń dáná, ó fọwọ́ kan òwú náà, ó bá jókòó sílẹ̀.

Ó ní, “Èmi ni mo rán apá yìí. Òun la wọ̀ fún ọkọ mi tá a fi sin ín.”

Jésù, o ṣeun! Òkú kọ́ ni mo ń yìn o, Ẹni tó rán an ni.

Kò sẹ́ni tó padà sídìí iṣẹ́. Gbogbo wa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, a ní kó fi àgádágodo ti ọwọ́ irin náà. Ó béèrè ta ni olórí wa. Tata na ṣẹ́ẹ̀tì sí i: “Òun nìyí.” Ọ̀gá ò lè gbà á. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àgádágodo ti wà lára ọwọ́ irin, ẹni tó ń wọlé ló ń mú kọ́kọ́rọ́ dání. Ọ̀gá sì sọ ọ́ níwájú gbogbo wa pé kì í ṣe ẹ̀bi Sámúẹ́lì.

Ìwọ tí wọ́n ń sọ fún pé kóo ṣe kíá, má wọlé tí kọ́kọ́rọ́ ò bá sí lápò ẹ. Ẹ jọ béèrè fún un. Ọlọ́run tó gbọ́ tiwa á gbọ́ tiyín.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi báyìí, àmọ́ mo ṣì ń fi ṣẹ́ẹ̀tì mi kọ́ síbẹ̀. Tí mo bá jáde tí mo wọ̀ ọ́ padà, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tẹ́nì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ. Mo ṣáà ń dúpẹ́.