Bí Ọlọ́run Ṣe Jẹ́ Kí N Tún Lè Dọ̀bálẹ̀

Ọlọ́run ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí, nítorí pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi rìn dé iwájú yín lónìí. Akọ̀wé ìjọ ní kí n kọ ẹ̀rí mi sílẹ̀ kí ó má baà gùn, mo sì ti kọ ọ́. Ìwé mi kò pọ̀, ẹ fara dà á fún mi. Ẹ má sì bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀. Ọpẹ́ ni mo mú wá, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní dúró níwájú Ọlọ́run kí n máa parọ́ pé kò bí mi.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ jórinjórin ni mò ń ṣe, níbi ìlà réluwéè. Àwọn ọmọ Poli kan ló ní kí n bá àwọn ṣe òpó irin gíga kan. Wọ́n ti rí ijó orí òpó nínú fídíò, wọ́n fẹ́ máa jó o níbi ṣóò wọn. Mo ṣe òpó náà, mo rì í mọ́ kọnkéré, mo ní kí n gùn ún wò bóyá ó dúró dáadáa. Bí mo ṣe di oníjó nìyẹn. Mo lè fi itan há òpó, kí n dorí kodò, kí n tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, kí n máa yí. Àwọn kan nínú ìjọ yìí ń sọ kiri pé ìhòòhò ni mò ń jó. Irọ́ ni. Ṣòkòtò wà nídìí mi, síńgílẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn mi.

Ohun tí mo jẹ̀bi rẹ̀ ni pé ní Sátidé kan, mo ti ìdí iṣẹ́ lọ tààrà síbi ìgbáradì, mo gun òpó pẹ̀lú ara tútù. Mo ju ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè gbọọrọ nítorí pé àwọn èèyàn ń wò mí. Iṣan ẹ̀yìn itan mi ya. Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ń ya kàkí. Ọ̀kadà ló gbé mi délé. Ó dùn mí, mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run.

Àwọn afàdúràjagun wa wá kí mi. Wọ́n ní ẹ̀mí òpó ló dè mí lẹ́sẹ̀, kí n dùbúlẹ̀, kí n gbààwẹ̀, kí n má nà án rárá títí wọn yóò fi tú u. Mo gbọ́ràn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ìrọ̀rí fi wà lábẹ́ orúnkún mi. Nígbà tí mo dìde, ẹsẹ̀ ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n iṣan ti kúrú. Mo lè rìn, mo lè ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, àmọ́ tí mo bá bẹ̀rẹ̀, orúnkún ni ọwọ́ mi mọ, a sì tún máa dùn mí bíi kó tún ya.

Ẹ̀yin náà mọ ìlú tí a wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin wo ló máa nàró ṣánṣán kí àgbà ní Ọ̀fà? Bàbá kan nínú ìjọ yìí, mi ò ní dárúkọ wọn, dá mi dúró lẹ́nu géètì.

“Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?”

“Rárá, sà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, sà.”

“Ẹsẹ̀ tó rọ̀ fún òpó ló wá le fún àgbà?”

Àwọn tó dúró tì wọ́n rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni o, Bíbélì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ìyẹn ṣì kéré. Bàbá Fúnkẹ́, ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ réluwéè, wọn kì í fi ọ̀wọ̀ ṣeré. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí wa lọ mọ ara wọn nílé wọn, ó kàn mí láti dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo há sí àárín. Ni mo bá dá ọgbọ́n, mo fi orúnkún òsì kúnlẹ̀. Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá náà ní, “Ìyàwó, káàbọ̀ o. Ọkọ dà?”

Bàbá Fúnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Màmá mi ni wọ́n kọjú sí. “Mummy, mò ń rí ọmọ yín tó ń rìn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tó bá ṣetán láti dọ̀bálẹ̀ fún mi, kó padà wá. Kó tó di ìgbà yẹn, ọmọ mi wà nílé mi.”

Màmá mi sunkún láti ibẹ̀ délé. Mo wọ yàrá, mo ní, Bàbá mi tó ń bẹ lọ́run, mi ò ní kí O dá mi padà sórí òpó. Ṣáà jẹ́ kí n lè dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ Yorùbá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí màmá kan gbé géètì wá sí ṣọ́ọ̀bù wa pé ká bá àwọn jó o. Ọsibítù kan ní Ìlọrin ni màmá náà ti ń ṣiṣẹ́, iṣan àwọn tó fara pa ni wọ́n ń tọ́jú. Wọ́n rí i pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mú irin nílẹ̀.

“Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yẹn?”

Mo ṣàlàyé.

“Ta ló ní kí o má nà án?”

“Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mà.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya ló yẹ kí o sinmi. Ó ti jinná, o ṣì ń ká a kò, ló ṣe kúrú. Jókòó sílẹ̀.”

Wọ́n kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ rìn kí ara mi gbóná, kí n jókòó, kí n na ẹsẹ̀, kí n fi aṣọ kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí n máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí n má fipá ṣe é. Ọ̀já tí màmá mi fi pọ̀n mí ni mo lò, nígbà àdúrà àárọ̀. Tí màmá mi bá ń ka Sáàmù, èmi ń fà á.

“Màámi, ó tó.”

“Mi ò tíì kà á tán. Fà á.”

Ọjọ́ tí mo bá ṣẹ̀ wọ́n, Sáàmù tó gùn jù ni wọ́n máa ń ṣí.

Àwọn afàdúràjagun gbọ́, wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi kò pé, pé ijó ni mo tún padà sí. Mo bi yín lónìí: ṣé Ọlọ́run tó dá iṣan ni kò mọ̀ pé ó ṣeé nà? Ta ló rán màmá yẹn sí wa? Géètì pọ̀ ní Ìlọrin, àwọn jórinjórin náà pọ̀ níbẹ̀.

Ọwọ́ mi kúrò ní orúnkún, ó dé ojúgun, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kan ilẹ̀. Màmá mi pa Bíbélì dé, wọ́n ní kí n lọ wọṣọ.

Bàbá Fúnkẹ́ wà ní faranda, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ lélẹ̀, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo fi àyà kan sìmẹ́ńtì. Wọ́n pa rédíò.

“Ó tó. Dìde.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbí díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bọ̀.”

Mo rí i tí wọ́n fúnra wọn bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n di apá mi mú.

“Ẹsẹ̀ wo ni?”

“Ọ̀tún, sà.”

“Mo rò pé irọ́ ni.” Wọ́n yíjú sínú ilé. “Fúnkẹ́, gbé àga wá fún ọkọ rẹ.”

Ẹ̀yin ará, Fúnkẹ́ ló jókòó ti màmá mi yẹn, Ọlọ́run ló ṣe é. Tí ẹ bá tún rí ọmọ tí kò bẹ̀rẹ̀ kí yín, ẹ kọ́kọ́ bi í ohun tó ń dùn ún. Ó yá, ẹ bá mi dìde, ká jó yin Olúwa. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó jókòó jẹ́ẹ́ kó máa pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wò ó níwòkuwò.