Mo Ní Ọ̀bẹ Ò Kan Bàbá Wa

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti gbé irọ́ kan sáyà. Mi ò sọ fún ìyàwó, mi ò sọ fún ìyá. Bí mo bá tún dákẹ́ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi á kú, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn.

Ọmọ Àpòmù ni mí. Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá wa, oko wọn wà lọ́nà Ìkòyí. Ẹ̀gbọ́n mi Bùràímọ̀ ló bá wọn dúró lóko kí èmi lè lọ sí yunifásítì ìjọba. Ohun tí mò ń kọ́ níbẹ̀ ni bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí àìsàn ń ṣe sí ara. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba tú bọ́ọ̀dù kòkó ká ni inú Bàbá wú, tí wọ́n ń tọ ẹ̀jẹ̀. A gbé wọn wá sí ọsibítù ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọn ò lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ kí wọ́n tó kú.

Kí Ẹ̀gbọ́n tó lọ wá mọ́tò tí a máa fi gbé òkú lọ sílé, wọ́n dì mí léjìká mú. "Dúró tì wọ́n. Má jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn wọ́n o. Bí Ọlọ́run ṣe fún wa la fẹ́ dá wọn padà."

Mo ní, "Kò ní kàn wọ́n, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni olùkọ́ wa ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fẹ́ la Bàbá láti mọ ohun tó pa wọ́n, kí àwa ọmọ kíláàsì sì lè fi kọ́ṣẹ́. Wọn ò fipá mú mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n béèrè ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi bí ará oko. Èmi náà sì fẹ́ mọ̀. Mo buwọ́ lùwé.

Kíndìnrín Bàbá méjèèjì tóbi kọjá bó ṣe yẹ, àpò omi kéékèèké ló kún inú wọn. Olùkọ́ wa fi ọ̀kan pamọ́ sínú ìgò oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà. Wọ́n wá fi okùn rán ibi tí wọ́n là lára Bàbá.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dé, aṣọ ti bo Bàbá. A gbé wọn sẹ́yìn mọ́tò. Ní Ìkirè, àwọn tó ń ta dòdò sáré bò wá, ìgbà tí wọ́n rí ẹni tó sùn lẹ́yìn ni wọ́n dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o." Ìgbà yẹn ni mo rántí pé wọ́n máa wẹ Bàbá.

Mùsùlùmí kì í sin òkú láìwẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá sì wẹ Bàbá á rí ojú ọ̀bẹ láti àyà dé ìsàlẹ̀ ìdodo. Mo wá fi ìwé tí wọ́n rán mi lọ kà purọ́. Mo sọ pé àìsàn tó pa Bàbá máa ń ràn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n, èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ irú òkú bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹbí gbà mí gbọ́. Àfáà dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n ń sọ fún mi: ọ̀tún ni kí n kọ́kọ́ wẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ń da omi, mo ń sunkún, okùn tí wọ́n fi rán Bàbá ń họ mí lọ́wọ́. Mo ti fi aṣọ funfun dì wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun sí wọn lára, Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ mi níṣojú ẹbí, wọ́n ní èmi ni mo gba Bàbá lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde, èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí a ń ṣèdánwò, tí wọ́n bá lu aago, a ó kúrò nídìí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Mo dé ìdí tábìlì kan, mo bá ìgò tí kíndìnrín Bàbá wà nínú rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ká kọ orúkọ àìsàn náà àti bó ṣe ń mú èèyàn. Mo kọ ọ́ pé òbí ló ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, pé ó máa ń fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbà á. Mo yege.

Lẹ́yìn náà mo yọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo inú ara. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan lára kíndìnrín mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì panu mọ́. Bí mo bá ní kí Ẹ̀gbọ́n náà lọ, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó wà nínú Bàbá. Ojú tì mí ju bí mo ṣe fẹ́ràn wọn lọ. Òótọ́ nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè mí. Inú wọn ti wú, wọ́n ń tọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n kọ ọsibítù, wọ́n ní ibẹ̀ ni Bàbá lọ tí wọn ò fi bọ̀. Ìyá wa ò kí aládùúgbò oko wa mọ́, wọ́n ní oògùn rẹ̀ ló pa bàbá tó tún fẹ́ pa ọmọ. Ọkùnrin náà ò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ ni kóo wẹ̀ mí o. Má jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn mí, bóo ṣe ṣe fún Bàbá."

Mo ní, "Kò ní kàn yín, Ẹ̀gbọ́n." Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kíákíá. Ẹni tó ń kú lọ ni mo fẹ́ lọ sọ èyí fún, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ló máa pa wọ́n. Ọkàn kan ń sọ fún mi pé kí n kàn dákẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, Sàrátù, àkọ́bí Ẹ̀gbọ́n, sìn mí dé ibi tí mo ti wọ mọ́tò. Ó gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Bàbá Kékeré, ibí yìí ń dùn mí láti ìjẹta. Ẹ̀yin ẹ kàwé. Kí ló lè jẹ́?"

Mo ní kó lọ sinmi.