Ọmọ Mi Kì Í Pè Mí Ní "O"

Wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú di ọmọlangidi tó ń sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ wa, èmi gan-an ni mo sì gbé e sójú ìyá wa. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Port-Bouët, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Èmi ni mo ra kásìkì fún wọn, awò ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń dé sójú. Wọ́n á máa rí pálọ̀ wa bó ṣe wà, ẹ̀rọ náà á wá fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Mi ò ní parọ́, ó wúlò. Ó ń sọ lẹ́tà ara ìgò oògùn di gàdàgbà fún wọn. Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá sì pè láti Èjìgbò, wọn a yọ lórí àga tó kọjú sí màmá, àwọn méjèèjì á máa tàkúrọ̀sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí kú. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bọ̀dá wa tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún màmá. Ṣebí kásìkì wà nílé?" Ọmọkùnrin tó tà á fún wa gba fọ́tò àti ohùn olóògbé, ó ní, "Tantie, y a pas drap," pé kò sí wàhálà, àfi bí ẹni pé fìríìjì la ní kó tún ṣe.

Ó fi wọ́n ṣe ère ẹ̀gbọ́n mi sínú kásìkì, èmi ni mo sì ń tẹ ọ̀rọ̀ tí ère náà máa sọ. Faransé ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, torí òun lọ́wọ́ mi yá sí. Ẹ̀rọ á sọ ọ́ di Yorùbá. Mo kọ "tu", ìyẹn "o" lédè Faransé, bí gbogbo wa ṣe ń pe ìyá wa tá a bá ń sọ Faransé. Ère rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní:

"Màmá, ṣé o ti jẹun?"

Ìyá mi bọ́ kásìkì lójú. "Ọmọ mi kì í pè mí ní 'o'. Bá mi bi ẹni yẹn, níbo ló gbé ọmọ mi sí?"

Mo ní réseau ni, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, ìyá mi sì ń wò mí.

Èyí tó rí mi lára jù ni pé bọ̀dá ò tiẹ̀ mikàn. Ọlọ́jà tó ta kásìkì fún wa ni wọ́n pè, ìyẹn sì tún un ṣe. Ère ti ń sọ "ẹ" báyìí. Ó tún ń kúnlẹ̀! Bọ̀dá rẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó, ó ti lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Ìyá mi ò dé e mọ́. Wọ́n á gbé ìgò oògùn súnmọ́ ojú, wọ́n á máa fojú wá lẹ́tà. Níjọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí wọ́n lo oògùn alẹ́ láàárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tá a lá à ń sá fún náà nìyẹn o.

Ẹ̀yin òǹkàwé, báwo ni mo ṣe fẹ́ tú àṣírí yìí fún màmá báyìí? Bọ̀dá, ta ló fún yín láṣẹ láti fi ọ̀fọ̀ ọmọ du ìyá? Ìwọ ọlọ́jà, níbo lo kó ohùn ẹ̀gbọ́n mi sí? Màmá ti béèrè ibi tí ọmọ wọn wà. Ẹ wá sí pálọ̀ wa, ẹ jókòó lórí àga yẹn, kí ẹ fi ẹnu ara yín dá wọn lóhùn.